Ṣúgà, fàdákà àti pH: kí ló dé tí omi náà fi di dúdú?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Iléṣà. Ìbéèrè rẹ̀ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí a ṣe lè fi ṣúgà ṣe èérún fàdákà tó kéré gan-an, ìyẹn silver nanoparticles, ní oríṣiríṣi pH. Ṣúgà tí mo rà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà ni mo lò. Ní pH 4, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní pH 7, kò sí àyípadà títí mo fi gbé e kaná, lẹ́yìn náà ó pọ́n díẹ̀. Ní pH 10, bí mo ṣe ń da sodium hydroxide sí i ló ti ń di búráùn, kò sì pẹ́ tó fi dúdú tó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Alábòójútó mi ní kí n kọ ọ́ pé bí pH bá ṣe ń gòkè ni èérún náà ń kéré sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà? Kí ló sì dé tí tèmi fi di dúdú?”

Àbúrò mi, alábòójútó rẹ kò purọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò lè dúró lórí ohun tí o ti ṣe yìí, mi ò sì fẹ́ kí o kọ ọ́ síwèé kí olùdánwò kan wá fi ìbéèrè ẹyọ kan wó o lulẹ̀. pH ló ń sọ bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì tó; nígbà tí o bá gbé e sókè sí ọ̀nà álíkálì, o lè rò pé ohun kan ṣoṣo lo ń yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ń yí padà, fàdákà fúnra rẹ̀ ń yí padà, omi tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀ náà kì í dúró lójú kan. Bí o kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, o kò ní mọ èyí tó ṣe ohun tí o rí.

Orí ṣúgà ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà rẹ àkọ́kọ́ wà. Ṣúgà tí a ń rà lọ́jà, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀n tàbí èyí tó wà nínú páálí, sucrose ni. Gúlúkóòsì kan àti fructose kan ni wọ́n so pọ̀ tó di sucrose, ibi tí wọ́n sì ti so wọ́n gan-an ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá ti ṣí sílẹ̀ láti fún fàdákà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹnu méjèèjì ti dí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fàdákà tó wà nínú silver nitrate ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Àfi kí nǹkan dá a padà fún un kó tó lè di fàdákà gidi, kí àwọn átọ̀mù rẹ̀ tó lè kó jọ di èérún. Gúlúkóòsì lè dá a padà. Maltose àti lactose lè dá a padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà méjì-méjì tó so pọ̀ ni àwọn náà, nítorí pé ẹnu ọ̀kan ṣì wà ní ṣíṣí. Fructose ń ṣe é nínú álíkálì, torí álíkálì máa ń yí apá kan nínú rẹ̀ padà di gúlúkóòsì àti mannose. Sucrose kò lè ṣe é, àyàfi bí ásíìdì àti ooru bá kọ́kọ́ já ìdè àárín rẹ̀. Pípọ́n díẹ̀ tí o rí ní pH 7 lórí iná lè wá láti inú ìwọ̀nba sucrose tó já, tàbí láti inú gúlúkóòsì díẹ̀ tó ti wà nínú ṣúgà ọjà náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí kò ṣeé gbára lé ni, torí o kò lè sọ iye gúlúkóòsì tó ṣiṣẹ́ náà.

Nítorí náà, pa ṣúgà ọjà tì. Wá gúlúkóòsì tí a ń lò ní láàbù. Bó bá di dandan kí o lo ti ilé ìtajà oògùn, ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ dáadáa. Bí fítámì C bá wà nínú rẹ̀, kò yẹ ọ́: fítámì C máa ń sọ silver nitrate di fàdákà kíákíá, láìdúró de gúlúkóòsì kankan. Bí wọ́n bá fi phosphate sí i, phosphate yóò gbá fàdákà mú, yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò tó lè tàn ọ́ jẹ.

Wàyí o, kí ni pH ń ṣe fún gúlúkóòsì? Nínú omi, gúlúkóòsì máa ń ká ara rẹ̀ sí òrùka. Èyí tó ṣí sílẹ̀ nínú wọn, tó lè bá fàdákà ṣe, kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Álíkálì ló máa ń mú kí òrùka náà tètè ṣí. Agbára tí gúlúkóòsì fi ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde náà sì ń pọ̀ sí i bí pH ṣe ń gòkè, ní nǹkan bí 0.089 fólíìtì fún pH kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru 25°C. Láti pH 4 dé pH 10, ìyẹn ti lé ní 0.5 fólíìtì, kì í ṣe ohun kékeré. Ní pH 4 pàápàá, iṣẹ́ náà fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fà débi pé o lè jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrí nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ alábòójútó rẹ ti tọ̀nà rèé. Bí átọ̀mù fàdákà bá ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ojú ibi púpọ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Bí wọ́n bá ń jáde díẹ̀díẹ̀, ojú ibi díẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá sì tún jáde lẹ́yìn náà yóò kàn lọ lẹ̀ mọ́ àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ìkòkò àmàlà kan náà ni: bí ogún ọmọ bá jọ pín in, ti olúkúlùkù á kéré, bó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta, ikùn á wú. Fàdákà inú omi rẹ kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Iye èérún tó jọ pín in ló ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa tóbi tó. pH gíga ń mú kí wọ́n pọ̀, nítorí náà wọ́n ń kéré.

Ṣùgbọ́n èyí jóòótọ́ kìkì bí fàdákà bá ṣì wà nínú omi bí ion (átọ̀mù tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) tó tú sílẹ̀ nígbà tí ṣúgà dé bá a. Ní tìrẹ, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Sodium hydroxide tí o ń dà sí i ti gbá a mú. Bí silver nitrate inú omi bá jẹ́ 1 mM, ìyẹn mílímóòlù kan nínú lítà kan, bí pH bá ti kọjá 9 díẹ̀ ni silver oxide yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, búráùn ni, tó bá sì pọ̀ yóò dúdú, yóò sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Búráùn tí o rí nígbà tí o ń da álíkálì sí i nìyẹn. Dúdú tó tẹ̀ lé e náà nìyẹn. Pẹ̀lú sucrose tí kò lè fún un ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èérún fàdákà kankan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìgò pH 10 rẹ yẹn. O lè yẹ̀ ẹ́ wò lónìí: bu díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sínú test tube, kán ammonia sí i. Bó bá yòrò tí omi náà tòrò, silver oxide ni. Bí dúdú náà bá kọ̀ tí kò yòrò, fàdákà gidi ni. Ìdánwò tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mo sì fẹ́ kí o kọ èsì rẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ, ohunkóhun tó bá jẹ́. Tí o bá ti rí èsì, da test tube náà nù lójú ẹsẹ̀ bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Àwọ̀ ló sábà máa ń tan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹ. Ẹni tó bá ti rí ìlẹ̀kẹ̀ búlúù tí wọ́n wà jáde ní Igbó Olókun níbí ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé cobalt ló fún gíláàsì náà láwọ̀. Cobalt yẹn ti tú káàkiri inú gíláàsì, kò kó jọ di èérún. Ti fàdákà yàtọ̀. Fàdákà kékeré tó rí róbótó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nǹkan bí 400 nánómítà sára, ìyẹn àwọ̀ àlùkò tó súnmọ́ búlúù, ohun tó bá ṣẹ́ kù tó dé ojú wa sì jẹ́ yẹ́lò. Bó bá tóbi sí i, ibi tó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ yóò sún kúrò lórí 400, yóò sì fẹ̀. Bó bá kó jọ gan-an, omi yóò di eérú tàbí dúdú. Nítorí náà inú wa máa ń dùn tí a bá rí yẹ́lò. Ṣùgbọ́n wo iye nǹkan mìíràn tó lè fún ọ ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tìrẹ yìí. Gúlúkóòsì tí a sè pẹ̀lú sodium hydroxide, láìsí fàdákà kankan nínú rẹ̀, máa ń di yẹ́lò, yóò di búráùn, yóò sì máa rùn bíi ṣúgà tó jó. Fructose tún ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Silver oxide tó fọ́n ká máa ń fúnni ní búráùn. Silver phosphate jẹ́ yẹ́lò. Silver chloride funfun ni, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ó ń di eérú tó fẹ́ jọ àlùkò.

Fún pH kọ̀ọ̀kan, ìgò mẹ́ta ni mo fẹ́ kí o gbé sílẹ̀: ọ̀kan ní ṣúgà àti fàdákà, ọ̀kan ní ṣúgà láìsí fàdákà, ìkẹta ní fàdákà láìsí ṣúgà. Ooru kan náà, àkókò kan náà. Ohun tí ìgò kejì bá fi hàn lórí ẹ̀rọ UV-Vis, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi gbà sára, ni o máa yọ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá tí kò ní ìgò méjì tó gbẹ̀yìn yìí kò tíì pé lójú mi, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ lẹ́wà tó.

Omi náà ńkọ́? Omi kànga, omi ẹ̀rọ àti píọ̀ wọ́tà máa ń ní chloride nínú, kò sì ní láti pọ̀ kó tó sọ omi rẹ di funfun. Distilled water ni kí o lò, kí o sì fi í ṣan gbogbo ìgò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má fi hydrochloric acid sọ̀ pH kalẹ̀, nitric acid tó fúyẹ́ ni kí o lò. Ọ̀pá ẹ̀rọ pH fúnra rẹ̀ ní potassium chloride nínú tó máa ń jò díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà má tì í bọ inú ìgò iṣẹ́ rẹ. Bu díẹ̀ jáde, wọ̀n ọ́n, kí o sì da èyí tí o wọ̀n nù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣírò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú gbogbo èyí. Fún fàdákà méjì tí gúlúkóòsì bá dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà fún, hydroxide mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń mú omi jẹ́ álíkálì, ló ń lọ sí i. Bí fàdákà rẹ bá jẹ́ 1 mM, iṣẹ́ náà máa jẹ hydroxide 1.5 mM kó tó parí. Ní pH 10, hydroxide tó wà nínú omi kò ju 0.1 mM lọ. Ní pH 11, 1 mM ni. Ó di pH 12, níbi tó ti jẹ́ 10 mM, kí o tó ní ànító àti àníṣẹ́kù. Ìgò tí o kọ “pH 10” sí lára yẹn kò lè wà ní pH 10 títí dé òpin. Bí gúlúkóòsì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pH ń jábọ́, iṣẹ́ náà sì ń falẹ̀, àwọn èérún tó wá lẹ́yìn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tóbi jura lọ nínú ìgò kan náà.

O lè ní kí o lo buffer, ìyẹn àdàpọ̀ tí kì í jẹ́ kí pH sún. Mo ti rò ó, kò sì rọrùn: phosphate àti carbonate ń mú fàdákà rọ̀ sísàlẹ̀, Tris sábà máa ń ní chloride nínú, borax sì máa ń so mọ́ ṣúgà. Ohun tí mo gbà ọ́ nímọ̀ràn ni kí o máa kán sodium hydroxide tó fúyẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí pH má sún. Bí o kò bá lè ṣe ìyẹn, ó kéré tán, wọn pH ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, kí o sì kọ méjèèjì síwèé.

Bí èmi ni mo ń ṣe é, ọ̀nà méjì ni mo máa pín in sí, mi ò sì ní fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín wọn kọjá.

Àkọ́kọ́, láìsí ammonia, láti pH 7 dé 9, níbi tí fàdákà ṣì tú sílẹ̀. Silver nitrate 1 mM, ìyẹn 0.017 gíráàmù nínú 100 mílílítà. Gúlúkóòsì tó pọ̀ ju fàdákà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà jẹ́ pé ṣúgà ló tán. Sítáàṣì díẹ̀ tí o ti fi distilled water fọ̀ dáadáa, tí o sì ti sè títí ó fi dán, láti máa dáàbò bo èérún kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi ń le aṣọ náà lè ṣe é bó bá mọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o pò ṣúgà, sítáàṣì àti álíkálì pọ̀ kí pH tó bó o ṣe fẹ́, kí o gbé e dé ìwọ̀n ooru rẹ, ká ní 60°C, kí o tó wá máa kán silver nitrate sí i lẹ́yìn náà, kí o máa rò ó láìdúró. Tí o bá da álíkálì lé fàdákà, oxide ni wàá ṣe. Àti pé kí iná má lọ mọ́ ọ lọ́wọ́: bí ooru bá dínkù láàárín iṣẹ́, ìgò yẹn kò sí nínú àfiwé mọ́, tún un ṣe.

Ìkejì, pẹ̀lú ammonia, láti pH 11.5 sókè. Ammonia máa ń dì mọ́ ion fàdákà, kì í jẹ́ kó di oxide. Ọgbọ́n tí Tollens, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, lò nìyí, tí a fi ń ṣe dígí fàdákà nínú test tube ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n ammonia kan náà ń mú kó ṣòro fún fàdákà láti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: agbára tó fi ń fà á já láti 0.80 fólíìtì sí nǹkan bí 0.37. Nítorí náà bí ammonia bá ṣe ń pọ̀, iṣẹ́ náà ń falẹ̀, èérún sì ń tóbi. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Olomouc ní orílẹ̀-èdè Czech gbé iṣẹ́ kan jáde lórí èyí gan-an. Wọ́n lo gúlúkóòsì, galactose, maltose àti lactose, ammonia láti 0.005 dé 0.20 M, pH 11.5 dé 13, èérún tí wọ́n rí sì wà láàárín 25 nánómítà sí 450. Maltose ló fún wọn ní 25 yẹn. O rí i pé ammonia àti irú ṣúgà ní agbára tiwọn lórí ìwọ̀n èérún, yàtọ̀ sí pH. Tí o bá ń yí pH, di iye ammonia mú. Kí o sì rántí ti àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní 2003, tí wọ́n fi gúlúkóòsì àti sítáàṣì nìkan ṣe èérún fàdákà ní 40°C, láàárín ogún wákàtí. Sùúrù náà lè ṣe iṣẹ́ tí álíkálì ń ṣe.

Ní ti pH 4, má yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ. Gúlúkóòsì tó bá ti fún fàdákà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń di gluconic acid, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara èérún tó sì ń fún un ní chaji òdì, kí wọ́n lè máa ti ara wọn sẹ́yìn. Bí pH bá sún mọ́ 4, apá kan nínú chaji yẹn ń lọ, wọ́n sì lè kó jọ. Nítorí náà, mú èérún dáadáa tí o ṣe ní pH 8 láìsí sítáàṣì, kán nitric acid fífúyẹ́ sí i, kí o wo bí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣe yí. Ìyẹn máa kọ́ ọ ní ohun tí pH ń ṣe lẹ́yìn tí èérún ti wà, èyí tó yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe nígbà tí a ń dá wọn.

Àwọn ẹlòmíràn máa sọ fún ọ pé kí o lo omi ewé dípò ṣúgà. Iṣẹ́ rere wà lórí ìyẹn nílẹ̀ wa, àwọn ará LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti lo èèpo obì, wọ́n ti lo òwú aláǹtakùn pàápàá. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí pH ń ṣe, ṣúgà ló dára jù lójú mi, torí pé ohun kan ṣoṣo tí a mọ orúkọ àti ìrísí rẹ̀ ló wà nínú ìgò. Nínú omi ewé, ohun tó ń bá fàdákà ṣe lè lé ní ogún.

Kí o tó gbé ohunkóhun lọ sí ẹ̀rọ UV-Vis, tan tọ́ọ̀ṣì lésà pupa gba inú ìgò náà kọjá, má ṣe wo ojú lésà náà. Bí èérún bá wà nínú omi, wàá rí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà nínú rẹ̀. Dán ìgò tí kò ní fàdákà wò náà, kí o mọ̀ bóyá sítáàṣì nìkan ló ń fi í hàn ọ́. Lórí UV-Vis, ibi tí góńgó (ibi tí omi ti gba ìmọ́lẹ̀ sára jù) wà àti bó ṣe fẹ̀ tó ni kí o kọ sílẹ̀ pọ̀: góńgó tóóró nítòsí 400 dára, góńgó tó fẹ̀ rẹgẹdẹ ń sọ pé kékeré àti ńlá ló dàpọ̀. Ní ti gbólóhùn alábòójútó rẹ, bí èsì bá gbè é, kọ ọ́ báyìí: “láàárín pH 7 sí 9, pẹ̀lú gúlúkóòsì, láìsí ammonia, ní 60°C, góńgó ń sún sẹ́yìn sí 400 bí pH ṣe ń gòkè.” Olùdánwò kò ní rí ibi gbá a mú.

Nípa ààbò: wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Silver nitrate máa ń sọ awọ ara di dúdú fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì lè ba ojú jẹ́. Èyí tó ní ammonia àti fàdákà nínú, má fi pa mọ́, kódà di ọjọ́ kejì. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, ohun tó lè bú gbàù láti ara fífọwọ́kàn lásán ló máa ń di. Lọ́jọ́ tí o bá lò ó gan-an ni kí o da nitric acid fífúyẹ́ sí i títí ammonia yóò fi tán nínú rẹ̀, kí o wá fi iyọ̀ sí i. Gbogbo fàdákà yóò rọ̀ sísàlẹ̀ di silver chloride. Sẹ́ ẹ, kó o sínú ìgò dúdú kan, kọ orúkọ sí i lára, kí o sì fà á lé ẹni tó ń bójú tó láàbù yín lọ́wọ́.